Alámù Tó Ké Láàárín Àdúrà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o, ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ lọ́sẹ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti bí ọjọ́ mẹ́wàá, mo sì ti gbàyè lọ́wọ́ ẹni tọ́rọ̀ kàn kí n tó kọ ọ́, ó ní kí n kọ ọ́ àmọ́ kí n má dárúkọ òun, torí náà ẹni tó bá fura sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sínú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni nínú ìjọ wa. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá rẹ̀, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ náà ò já gaara lẹ́nu wọn mọ́. Ìyá ti kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n ti lọ ìlú ńlá tipẹ́ kí àìsàn yìí tó dé, òun ni àbíkẹ́yìn, òun ló wà nílé lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe di pé òun ló ń tọ́jú bàbá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó pèpàdé lé e lórí, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó lè ṣe é. Ọdún kẹta rèé.

Mo lọ kí wọn nílé, mo lọ bí pásítọ̀ ṣe máa ń lọ, Bíbélì lábíyá. Mo kí bàbá, mo ka Sáàmù kan, mo ní ká dìde ká gbàdúrà. Àdúrà ń lọ lọ́wọ́, mo ti wọnú ẹ̀ dáadáa, ni alámù fóònù bá ké. Mo rò pé ó máa pa á lásán ni ká máa bá a lọ. Ó pa á lóòótọ́, àmọ́ mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń lọ síbi bẹ́ẹ̀dì, mo bá lajú. Ó ti fi orúnkún kan gun bẹ́ẹ̀dì, ó ki apá kan bọ abẹ́ èjìká bàbá, ó ki ìkejì bọ abẹ́ ìbàdí, ó mí kanlẹ̀, ó gbé wọn yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Kò wọ́ wọn o, ó gbé wọn ni. Ó fi ìrọ̀rí kan sáàárín orúnkún méjèèjì, ó fi òmíràn ti ẹ̀yìn wọn, ó wá fìka tẹ gìgísẹ̀ wọn, ó wò ó, ó tẹ egungun ìbàdí, ó wo ìyẹn náà. Gbogbo ẹ̀ ò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ó padà wá dúró sáyè ẹ̀, ó dijú, ó ní, "Ẹ má bínú sà, ẹ máa bá àdúrà lọ."

Ẹ̀yin ará, mo dúró níbẹ̀ tọwọ́ mi méjèèjì wà lókè, ọwọ́ tí ò ṣe nǹkan kan, mò ń bẹ Ọlọ́run kó rán olùrànlọ́wọ́ sílé náà.

Nígbà tí mo ṣe àmín tán mo bi í pé alámù kí nìyẹn. Ó ní wákàtí méjì-méjì ló ń ké. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ òun pé ẹni tí ò lè yí ara ẹ̀ fúnra ẹ̀, tó bá ti pẹ́ jù lójú kan, ẹ̀jẹ̀ ò ní rìn dáadáa níbi tí egungun ti tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ á kọ́kọ́ yí àwọ̀ padà, á máa gbóná tàbí kó le, tẹ́ ẹ bá fi máa mọ̀ ó ti di egbò, egbò náà lè jẹ wọnú dé egungun. Gìgísẹ̀, ìbàdí, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, èjìká, títí kan ìpàkọ́, ibi tí òun ń yẹ̀ wò nìyẹn. Mo ní, "Tòru náà?" Ó ní, "Tòru náà sà." Aago mẹ́wàá, aago méjìlá, aago méjì, aago mẹ́rin, aago mẹ́fà. Ẹ bá mi rò ó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ò tíì sun oorun wákàtí mẹ́ta tó so pọ̀ láti ọdún kẹta, a sì ń rí i lọ́jọ́ Sunday tó ń tòògbé nígbà ìwàásù, mo mọ ẹni tó ti bá a wí lórí ẹ̀ nínú ìjọ yìí. Èmi gan-an ti fojú bá a wí láti orí pẹpẹ. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìlú kékeré nìlú wa, kò sẹ́ni tí ò mọ ọ̀rọ̀ ilé yẹn. Tó bá ń kọjá lọ, gbogbo wa la ń kí i, o gbìyànjú o, Ọlọ́run á san án fún ẹ o, ọmọ ẹ náà á tọ́jú ẹ. Àdúrà dáa, mi ò ní ẹ má ṣe é. Àmọ́ ó ń bọ̀ wá ṣe mí bíi pé ìyìn yẹn ti di ìlẹ̀kùn tá a fi ń ti ọmọ náà mọ́lé, a yìn ín tán, ọkàn wa balẹ̀, a bá tiwa lọ. Nínú gbogbo àwa tá à ń kí i yẹn, mo bi í pé mélòó ló ti wọ yàrá bàbá rí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní dókítà, nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin sà.

Òwe òkété náà wà tá a máa ń pa fún un, pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe gidi ni. Àmọ́ òkété kì í bí ẹyọ kan ṣoṣo, àwọn tó ti pa á rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ibi tí ọmú bá pọ̀ sí, kò yẹ kó jẹ́ ti ọmọ kan ṣoṣo ni wọn ó mu gbẹ.

Nígbà tó sìn mí dé ìta, ó fa ilẹ̀kùn dé kí bàbá má bàa gbọ́, ó wá sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn ẹ̀ fún mi. Ó ní lóru ọjọ́ kan òun jágbe mọ́ bàbá òun. Wọ́n ti tọ̀ sí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀, òun jágbe mọ́ wọn, wọ́n sì bú sẹ́kún, àgbà ọkùnrin yẹn. Ó ní lẹ́yìn tí òun fọ̀ wọ́n mọ́ tán, òun lọ jókòó sí balùwẹ̀, òun sì gbàdúrà kan tí ẹnu òun ò lè tún sọ mọ́. Mo mọ àdúrà tó jẹ́, mi ò jẹ́ kó sọ ọ́. Ó ní, "Pásítọ̀, ṣé Ọlọ́run lè dárí ẹ̀ ji èèyàn?"

Ohun tí mo fi dá a lóhùn ni mo fẹ́ kí gbogbo yín kà nílé, Númérì orí 11. Mósè, ọkùnrin Ọlọ́run, ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó bi Olúwa pé ṣé èmi ni mo lóyún àwọn èèyàn wọ̀nyí ni, tó o fi ní kí n máa gbé wọn sáyà bí alágbàtọ́ ṣe ń gbé ọmọ ọmú, èmi nìkan ò lè rù wọ́n, wọ́n wúwo jù fún mi, tó bá jẹ́ bó o ṣe máa ṣe mí nìyí, jọ̀ọ́ kúkú pa mí. Ó wà nínú Bíbélì bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wo ẹsẹ 12 sí 15. Ẹ wá wo ìdáhùn Ọlọ́run. Kò bú u. Kò ní ó di aláìgbàgbọ́, kò ní kó lọ gbààwẹ̀ kun tẹ́lẹ̀. Ó ní kó àádọ́rin èèyàn jọ fún mi, wọn ó máa bá ọ ru ẹrù náà, kí ìwọ nìkan má bàa rù ú. Àádọ́rin! Èèyàn ni Ọlọ́run fi dáhùn àdúrà yẹn. Mo sọ fún ọmọ náà pé ìdáríjì ti wà, mo gbàdúrà fún un, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé àwọn àádọ́rin tiẹ̀ dà, ṣé kì í ṣe àwa tá à ń kọrin lọ́jọ́ Sunday ni.

Àwọn kan á ní ọmọ tó bá gbé bàbá ẹ̀ fún ẹlòmíì tọ́jú ti já bàbá kulẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún ìtàn ará Samáríà kà nínú Lúùkù orí 10, ẹni tí Jésù fi ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Ó di ọgbẹ́ ọkùnrin yẹn, ó gbé e gun ẹranko tí òun fúnra ẹ̀ ń gùn, ó tọ́jú ẹ̀ mọ́jú nílé èrò. Nígbà tó dọjọ́ kejì ńkọ́? Ó fún olórí ilé èrò lówó, ó ní máa tọ́jú ẹ̀, ohunkóhun tó o bá ná lé e, n ó san án tí mo bá ń padà bọ̀, ó sì bá ìrìn àjò ẹ̀ lọ. Jésù ò bá a wí pé kò jókòó tì í. Àní Jésù fúnra ẹ̀, lórí igi àgbélébùú, ó ní àwọn àbúrò lọ́kùnrin, síbẹ̀ ọwọ́ ọmọ-ẹ̀yìn ló fi ìyá ẹ̀ lé, ìyẹn sì mú wọn lọ sílé ara ẹ̀ láti wákàtí yẹn.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ wà lọ́nà jíjìn, tí ẹnikẹ́ni bá fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, mo kí yín. Owó tẹ́ ẹ̀ ń fi ránṣẹ́, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, oògùn àti pámpásì kì í ṣe nǹkan kékeré. Àmọ́ owó kì í dìde láago méjì òru. Ẹ wá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́, kẹ́ ẹ wá sun yàrá yẹn, kí àbúrò yín lọ síbi tó bá wù ú. Tẹ́ ẹ bá sì pè é lórí fóònù, ẹ má fi "Dádì ńkọ́" bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè òun. Ó ní iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ kí èyí tó dé, ó ní ọmọbìnrin kan tó ń dúró dè é, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè mọ́ ni.

Àwa ará ìjọ, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ máa sọ pé "Olúwa, tó bá jẹ́ ti ìsinmi ni, kó o fún wọn nísinmi." Bàbá ń gbọ́. Rọpárọsẹ̀ lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn kó má gba òye ẹ̀, mo rí i lójú wọn. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọ́n lè fi orí dáhùn, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún wọn lómi, ẹ gbé wọn jókòó dáadáa kọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀ ni, torí ó lè bá ọ̀nà ọ̀fun gba ibi tí kò yẹ. Ní ti ìwẹ̀, ẹ̀yin ọkùnrin ni mò ń bá wí, ó tó gẹ́ẹ́ tá a bá ń sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni. Nígbà tí Nóà wà níhòòhò, àwọn ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló lọ bò ó, àwọn méjèèjì ló sì jọ gbé aṣọ náà lé èjìká, tí wọ́n ń fẹ̀yìn rìn kí wọ́n má bàa rí ìhòòhò bàbá wọn. Méjì ni wọ́n jẹ́.

Ìwọ náà ọmọ mi, àti ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ tẹ́nì kankan ò mọ̀, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò, àìsùn ń ba ara jẹ́. Tí inú bá ti ń dàrú débi pé ọwọ́ fẹ́ ṣe nǹkan, tàbí kẹ́ ẹ máa rò pé kẹ́ ẹ kúkú má sí mọ́, ẹ jáde kúrò nínú yàrá yẹn ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ pè mí, aago yòówù kó jẹ́. Ẹ sọ fún dókítà náà, kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ìwé kan wà lórí tábìlì nítòsí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi rúlà pín in sí alẹ́ méje, aago mẹ́wàá sí aago méjì, aago méjì sí aago mẹ́fà. Ẹni méjì-méjì ni, torí ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí, àti pé ẹ̀yìn ẹni tó ń dá gbé aláìsàn kì í pẹ́ bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì inú ìjọ wa ti ní òun á kọ́ ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí èèyàn láìṣe é léṣe, lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday.

Alẹ́ Tuesday ni mo kọ orúkọ mi sí, èmi àti díákónì kan, a sì ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Alámù ké láago méjìlá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀, díákónì di ìbàdí mú, èmi di èjìká mú, a gbé bàbá yí, a ti ìrọ̀rí. Bàbá wò mí títí, wọ́n fi ọwọ́ òsì wọn fọwọ́ kan apá mi. Láti yàrá kejì, a gbọ́ ọmọ wọn tó ń hanrun.