Lẹ́tà Sáà Kejì sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́: Ìrìn Àwọn Pílánẹ́ẹ̀tì lórí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

A kí yín kú ìmúra sáà tuntun. Ọjọ́ ìdánwò àti ti ìsinmi wà nínú ìwé kejì tó wà nínú àpòòwé yìí, a ò ní tún un sọ. Iṣẹ́ físíìsì tí àwọn ọmọ kíláàsì àgbà fẹ́ ṣe la fẹ́ bá yín sọ: wọ́n máa ṣe àfarawé bí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yí Oòrùn ká, lórí kọ̀ǹpútà. Apá kan rẹ̀ máa wọlé tọ̀ yín wá. Tí ẹ bá rí ọmọ yín tó tẹjú mọ́ àmì róbótó kan tó ń yípo, kì í ṣe géèmù ló ń ta.

Kò sẹ́ni tó lè gbé Oòrùn wá sí yàrá sáyẹ́ǹsì, àfarawé sì ni ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run fúnra wọn ń gbà. Lọ́dún 1941, Erik Holmberg, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Sweden, to gílóòbù iná 37 láti dúró fún gálásì kan (àgbájọ ìràwọ̀ tó pọ̀ rẹpẹtẹ) àti 37 fún èkejì, ó sì ń fi ẹ̀rọ wọn ìmọ́lẹ̀ wọn. Ìdí ni pé bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù náà ni òòfà, agbára tí nǹkan fi ń fa nǹkan míì mọ́ra, ń dín kù: sún sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Ó wọ̀n ọ́n, ó sún gílóòbù díẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ ọmọ yín kò yàtọ̀ sí èyí. Kọ̀ǹpútà ló kàn ń bá a sún gílóòbù.

Ọmọ á sọ ibi tí Ayé wà àti bó ṣe ń sáré tó. Kọ̀ǹpútà á ṣírò bí Oòrùn ṣe ń fà á, á yí eré rẹ̀ pa dà díẹ̀, á sún un síwájú fún ọjọ́ kan, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ 365 ni ọdún kan. A kì í lo kìlómítà: jíjìnnà Ayé sí Oòrùn, nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà 149.6, la pè ní 1, ọdún la sì fi ń ka àkókò. Nípa bẹ́ẹ̀, eré Ayé di 6.28, iye tó dúró fún òòfà Oòrùn sì di 39.48. Ẹni tó bá ta kú pé kìlómítà lòun fẹ́, tó wá fi í sínú fọ́múlà tó ń retí mítà, á rí òòfà tó fi ìlọ́po mílíọ̀nù kan pọ̀ jù. Ayé á pòórá lójú kọ̀ǹpútà kí ìgbésẹ̀ kejì tó parí. Àṣìṣe yẹn kò burú, torí pé kedere ló ń hàn.

Àṣìṣe tó ń tan ọmọ jẹ ni èyí tó rẹwà lójú, méjì sì ni. Àkọ́kọ́ wà nínú ètò ìlà méjì péré. Tí ọmọ bá fi eré àtijọ́ sún Ayé, tó sì fi òòfà ibi àtijọ́ yí eré pa dà, ọ̀nà Ayé á máa fẹ̀ bí ìkarahun ìgbín. Pẹ̀lú ìgbésẹ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọdún kan, Ayé á ti fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún jìnnà sí Oòrùn ju ti tẹ́lẹ̀; kí ọdún 5 tó pé, ó ti kọjá ọ̀nà Mars, pílánẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé Ayé. Ẹsẹ̀ gbọọrọ ni kọ̀ǹpútà ń gbé lórí ọ̀nà tó tẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń yà síta díẹ̀, kò sì sóhun tó ń dá a pa dà. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ọmọ kọ́kọ́ yí eré pa dà, kó tó wá fi eré tuntun náà sún Ayé. Kò fi ìlà kankan kún un.

Ìkejì tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀. Ìwé kọ́ wọn pé òòfà ń dín kù pẹ̀lú r², ìyẹn r (jíjìnnà sí Oòrùn) ní ìlọ́po ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú kóòdù (ètò tí ọmọ kọ fún kọ̀ǹpútà), a tún ń fi x àti y, tí àwọn náà ń tóbi bí r bá ń tóbi, tọ́ka síbi tí òòfà kọjú sí, nítorí náà r³ ló gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Ọmọ tó kọ r² á wo Ayé títí, kò ní rí àbùkù kankan, torí r ti Ayé jẹ́ 1, bí a sì ti wù ká fi 1 ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ tó, 1 náà ni. Ọjọ́ tó bá gbé Mars síbẹ̀, ní 1.524, ni àṣírí tú: dípò kó fi ọjọ́ 687 yípo, ńṣe ló ń já wọlé sọ́dọ̀ Oòrùn.

Ìdí nìyí tí a kì í fún àwòrán ní máàkì púpọ̀. Nínú 40, 25 wà fún àyẹ̀wò: ṣé Mars gba ọjọ́ 687? Ṣé Júpítà, ní 5.2, gba nǹkan bí ọdún 11.9? Tí a bá gé ìgbésẹ̀ sí méjì, ṣé èsì yí pa dà? Ìbéèrè kẹta yìí ló máa dun àwọn tó yan kọ́mẹ́ẹ̀tì (ìràwọ̀ onírù) Halley. Nígbà tó bá sún mọ́ Oòrùn jù lọ, nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà 88 ló wà láàárín wọn, eré rẹ̀ sì tó kìlómítà 54 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Pẹ̀lú ìgbésẹ̀ ọjọ́ 10, á fo nǹkan bíi mílíọ̀nù 47 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà á sì jù ú dànù.

Ní ti ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó. Ọ̀fẹ́ ni Python, èdè tí wọ́n máa fi kọ kóòdù, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì pọn dandan mọ́ tí ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ. Tó bá ń falẹ̀, àwòrán ni, kì í ṣe ìṣirò. Kí ọmọ máa yà á lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 10 10. Tó bá ní kọ̀ǹpútà ilé ò lágbára, ẹ bi í pé ìràwọ̀ mélòó ló kó sínú rẹ̀. Ìràwọ̀ 10, tọkọtaya 45 ló ń fa ara wọn. 100, ó di 4,950. 1,000, ó di 499,500, ní gbogbo ìgbésẹ̀. Mẹ́ta tó wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wọn kọ kóòdù, ẹ má sì háyà ẹni tó máa kọ ọ́. Olùkọ́ máa ní kí ọmọ yí nọ́ńbà kan pa dà lójú òun, kó sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa bi í pé, “Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó tọ̀nà?” Tó bá dáhùn pé, “Ṣé ẹ ò rí i bó ṣe ń yípo ni?”, ẹ ní kó pa dà lọ gbé Mars síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 7 ni a máa gba iṣẹ́. Kí fáìlì wà níbi méjì, kọ̀ǹpútà àti fláàṣì. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà nílé lè lo ti ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Ẹ kọ orúkọ ọmọ yín sísàlẹ̀ ìwé kejì, kẹ́ ẹ dá a pa dà kí ọ̀sẹ̀ 2 tó parí.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé Ẹ̀kọ́