Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun kì í ṣe ilẹ̀ òfo

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn tó fẹ́ máa wa kóbáltì àti níkẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀ agbami, mo sì kà á dé ìparí torí ó dùn-ún kà. Ibì kan ṣoṣo ló gún mi lójú. Òǹkọ̀wé yín ní ìsàlẹ̀ òkun ti tutù jù fún ohun ẹlẹ́mìí, pé ẹrẹ̀ lásán ló kún ibẹ̀. Èmi tí mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí sísin kòkòrò àìfojúrí nínú abọ́ láàbù kò lè gbọ́ irú èyí kí n dákẹ́.

Lóòótọ́ ló tutù. Ní ọ̀pọ̀ ibi nísàlẹ̀ agbami, omi kì í gbóná ju dígírì 4 lọ, bí inú fíríìjì gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bu ẹrẹ̀ ibẹ̀ kún ṣíbí kékeré kan, kí ẹ gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù: sẹ́ẹ̀lì tí ẹ máa bá níbẹ̀ lè ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Japan kéde pé àwọn ti jí kòkòrò àìfojúrí nínú ẹrẹ̀ tó ti wà lábẹ́ òkun Pàsífíìkì láti nǹkan bí mílíọ̀nù 100 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n gbé oúnjẹ fún àwọn kòkòrò náà, àwọn kòkòrò náà jẹ ẹ́, wọ́n sì ń bí sí i. Ilẹ̀ òfo wo nìyẹn?

Ẹ wo bí òróró ṣe máa ń dì bó bá pẹ́ nínú fíríìjì. Awọ ọ̀rá ló yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká. Bí awọ náà bá dì, wàhálà dé. Nítorí èyí ni àwọn bakitéríà òkun tútù kan, bí àwọn kan nínú ẹ̀yà Shewanella, ṣe máa ń ṣe ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní EPA sínú awọ wọn kí ó má baà gan. EPA yìí kan náà wà lára omega-3 tí àwọn ènìyàn ń rà nínú epo ẹja. Ẹ́ńsáìmù àwọn bakitéríà yìí, ìyẹn àwọn ohun tó ń mú kí iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yá, náà rọ̀, wọ́n lè ṣiṣẹ́ níbi tí tiwa ti máa sùn lọ. Irú wọn ló wúlò nínú ọṣẹ ìfọṣọ, kí aṣọ lè mọ́ nínú omi tútù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń fi iná ṣòfò. Àwa ará láàbù náà ń jẹ nínú àǹfààní òtútù. Ẹ́ńsáìmù fọ́sífátéèsì kan wà tó wá láti ara bakitéríà ilẹ̀ yìnyín Antarctica, òun la fi ń yọ kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní fọ́sífétì kúrò létí DNA, okùn tí ìlànà iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì wà lára rẹ̀. Tó bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ooru díẹ̀ báyìí, ó ti kú. Èyí tí wọ́n ń mú látinú ìfun ọmọ màlúù kì í gbọ́ràn bẹ́ẹ̀. Ó ti ba ọ̀sán mi jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Ti oògùn ló wá wà lọ́kàn mi jù. Púpọ̀ nínú oògùn apakòkòrò tí a ń lò, inú erùpẹ̀ orí ilẹ̀ la ti rí wọn, lára bakitéríà tí wọ́n ń pè ní actinomycetes. (Àwọn kan náà ló ń fa òórùn ilẹ̀ tí ẹ máa ń gbọ́ nígbà tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀.) Lára wọn ni wọ́n ti rí streptomycin ní 1943, oògùn tó kọ́kọ́ kápá ikọ́ ẹ̀gbẹ. Láàbù Selman Waksman ní Amẹ́ríkà ni, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Albert Schatz ló rí i, ọ̀gá nìkan ló gba ẹ̀bùn Nobel, ṣùgbọ́n ìjà ìyẹn kọ́ ni mo wá jà níbí. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń gbẹ́ erùpẹ̀, títí ó fi di pé oògùn àná ni wọ́n tún ń bá pàdé. Àwọn kòkòrò tó ń ṣe wá níbi kò sì dúró dè wá. Ní 2019 nìkan, àrùn bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ ló pa ènìyàn bíi 1,270,000 kárí ayé.

Ẹrẹ̀ òkun ní tirẹ̀ jẹ́ oko tí ọkọ́ kò tíì kàn dáadáa. Ìfọ́ oúnjẹ tó ń já bọ́ láti òkè ni àwọn tó ń gbé níbẹ̀ ń jẹ, ibi tí oúnjẹ bá sì ti ṣọ̀wọ́n, ìjà kì í tán. Bakitéríà kò lówọ́ tí yóò fi gbé kùmọ̀. Kẹ́míkà ni kùmọ̀ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú kùmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni abyssomicin C, tí wọ́n kéde ní 2004. Inú ẹrẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti ìsàlẹ̀ Òkun Japan, ní jíjìn mítà 289, ni bakitéríà tó ṣe é ti wá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà tí kòkòrò àrùn ń gbà ṣe fólíìkì ásíìdì, fítámì kan tí kò lè ṣe aláìní, fún ara rẹ̀. Àwa ènìyàn kì í ṣe tiwa, inú oúnjẹ la ti ń rí i, nítorí náà ọ̀nà tó ń dí yẹn kò sí lára wa rárá. Nínú láàbù, ó pa MRSA, kòkòrò tó ti sọ ọ̀pọ̀ oògùn di omi lásán.

Mi ò ní parọ́ fún yín o: abyssomicin kò tíì di oògùn tí dókítà lè kọ fún aláìsàn. Èyí tí wọ́n rí nínú ẹrẹ̀ òkun Bahamas, salinosporamide A, tí wọ́n kéde ní 2003 (omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni tirẹ̀), dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọpọlọ, ṣùgbọ́n kò fi kún ẹ̀mí wọn. Ọ̀nà náà jìn. Ọ̀pọ̀ kòkòrò inú ẹrẹ̀ ni kì í gbà kí a sin òun rárá. Nígbà kan, a tẹ́ abọ́ sílẹ̀ nínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ohun tó hù, a dà á nù. Àwọn abọ́ yòókù, a gbàgbé wọn sẹ́yìn fíríìjì. Oṣù kan ààbọ̀ kọjá kí ẹnì kan tó ṣí i, àwọn àmì pupa-rúsúrúsú tíntìntín ti tò síbẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́. Àṣé àwa la kánjú.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ wíwa kùsà lábẹ́ òkun fi yẹ kó kan olóògùn. Ní 1989, àwọn onímọ̀ ará Jámánì fi ohun ìtulẹ̀ wọ́ ilẹ̀ òkun kan lẹ́bàá Peru, ó lé ní mítà 4,000 sísàlẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí kùsà wíwà máa ṣe. Wọ́n padà débẹ̀ ní 2015. Ojú ibi tí ohun ìtulẹ̀ gbà ṣì wà bí àná, iṣẹ́ tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ń ṣe níbẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ gidigidi, ní ibi tó burú jù, ó ti di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọdún 26 kò tó wọn láti tún ilé kọ́. Ẹni tó ń wá oògùn, ṣíbí ẹrẹ̀ kan tó o; bó bá ti ka DNA inú rẹ̀, ó lè gbé jíìnì tó fẹ́, ìyẹn apá DNA tó ní ìlànà bí a ṣe ń ṣe kẹ́míkà náà, sínú bakitéríà tó rọrùn láti sìn, kò ní padà wá da òkun láàmú. Ẹni tó ń wá kóbáltì ní láti kó gbogbo rẹ̀.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn kan ní 2023 lórí agbami tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan. Ó sọ pé èrè tó bá ti inú jíìnì ohun abẹ̀mí ibẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ kan gbogbo ayé. Ẹni tó kọ àdéhùn yẹn kò ka ẹrẹ̀ náà sí òfo.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá ń kọ̀wé lórí ìsàlẹ̀ òkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. A ò ṣòro rí. Ẹ wò wá nídìí fíríìjì.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ láàbù kan