Ẹ má kọ “tẹ́ńpìlì” nìkan sábẹ́ àwòrán Srirangam

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Àwòrán tí ẹ gbé sí ojú ewé ìrìn-àjò lọ́sẹ̀ tó kọjá dára, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó: “Tẹ́ńpìlì àtijọ́ Srirangam, létí odò Kaveri”. Àdúgbò ni Srirangam nínú ìlú Tiruchirappalli, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Odò méjì ló sì há a sáàárín: Kaveri ní gúúsù, Kollidam ní àríwá.

Òótọ́ ni pé tẹ́ńpìlì náà tóbi. Ilẹ̀ rẹ̀ tó éékà 156, ògiri méje ló yí ara wọn ká níbẹ̀, ilé gogoro ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní gopuram sì jẹ́ 21. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ògiri ìta, ilé àti ṣọ́ọ̀bù ló wà. Inú ọgbà Ranganatha, òrìṣà tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ejò, ni àwọn ènìyàn ń sùn sí, tí wọ́n ń ta ewébẹ̀, tí ọmọ wọn ti ń jáde lọ sílé ìwé. Ilé àtijọ́ ibẹ̀ tín-ín-rín lójú pópó, ó gùn lọ sẹ́yìn; pèpéle tí àlejò ń jókòó sí wà níwájú, wọ́n ń pè é ní thinnai, àgbàlá kékeré tí kò ní òrùlé sì wà láàárín kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Gopuram tó ga jù, tó gba gbogbo fọ́tò yín, kì í ṣe ti àtijọ́ rárá. Kùkùté ló wà fún nǹkan bí irínwó ọdún. 1987 ni wọ́n tó parí rẹ̀, gíga rẹ̀ sì tó mítà 72.

Títì ibẹ̀ fẹ̀ nítorí ther, kẹ̀kẹ́ igi ràgàjì tí wọ́n ń gbé òrìṣà sí. Ní oṣù tí kàlẹ́ńdà Tamil ń pè ní Thai, láàárín January sí February, títì Uthira ló ń gbà. Ní Chithirai, láàárín April sí May, títì tó ń jẹ́ Chithirai ló kàn. Kẹ̀kẹ́ yìí kò ní búrèkì, kò sì ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí ọkọ̀. Okùn ni èrò fi ń fà á. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ni wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà igi rẹ̀, wọ́n ń ki ìtì igi bọ abẹ́ rẹ̀ láti dá a dúró, tàbí kí wọ́n ki igi náà bọ ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè yà ní kọ̀rọ̀. Bí igi bá pẹ́ dé, kẹ̀kẹ́ lè forí sọ ilé onílé. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ pa iná mànàmáná títì náà kí ó tó gbéra. Ní Kalimedu, nítòsí Thanjavur, ní April 2022, kẹ̀kẹ́ òrìṣà kan fara kan wáyà iná, èèyàn 11 sì kú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí omi. Odò kan náà ni Kaveri àti Kollidam. Mukkombu, níwọ̀-oòrùn, ni wọ́n ti pínyà. Kaveri ló ń lọ sí oko ìrẹsì Thanjavur, Kollidam ló ń gbé àkúnya lọ sókun. Ìsàlẹ̀ Kollidam ló jìn jù, nítorí náà bí a bá fi í sílẹ̀, òun ni yóò máa gba omi, iyanrìn á sì dí Kaveri. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń rí kí Arthur Cotton, ẹnjiníà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ́ ìdènà sẹ́nu Kollidam láàárín 1836 sí 1838. Ní August 2018, nígbà tí omi pọ̀, mẹ́sàn-án nínú ìlẹ̀kùn ìdènà náà wó. Oṣù yẹn kan náà ni òpó afárá irin àtijọ́ orí Kollidam wó. Iyanrìn tí wọ́n ń wà nínú odò kò ran irú òpó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́: ìsàlẹ̀ odò á túbọ̀ wọlẹ̀, ẹsẹ̀ òpó á hàn síta, omi á sì máa jẹ ìdí rẹ̀.

Tẹ́ńpìlì pàápàá kò gbára lé odò kan ṣoṣo. Kollidam ni wọ́n ti ń pọn omi ìwẹ̀ òrìṣà nínú ìkòkò fàdákà. Ní oṣù Aippasi, láàárín October sí November, Kaveri ni, ìkòkò wúrà ni, erin ló sì ń rù ú. (Òrìṣà yìí tún ń jẹ roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ àlìkámà, nítorí ọmọbìnrin sọ́táànì Delhi kan tí ìtàn ibẹ̀ sọ pé ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Thulukka Nachiyar ni orúkọ rẹ̀, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri.)

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Aadi, ní nǹkan bí August 2 tàbí 3, ni àwọn obìnrin ń kún àtẹ̀gùn Amma Mandapam létí Kaveri. Wọ́n ń gbé àtalẹ̀ pupa, òdòdó, ẹ̀gbà ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ dúdú fún odò. Àwọn ìyàwó ń pààrọ̀ okùn ìgbéyàwó ọrùn wọn. Wọ́n sì ń jẹ ìrẹsì alájàgbọn, ti ọsàn wẹ́wẹ́, ti àgbọn àti ti wàrà kíkan níbẹ̀. Ẹni tó ti lọ Òṣogbo lóṣù August yóò ní wọ́n jọra. Wọ́n jọra díẹ̀. Arugbá ni kò sí, oníkálukú ló ń gbé tirẹ̀ wá.

Dáàmù Mettur tó wà lórí Kaveri, tí wọ́n ṣí ní 1934, ló ń pinnu bóyá omi á wà lọ́jọ́ náà. June 12 ni àṣà yàn láti tú omi sílẹ̀ fún oko. Bí òjò kò bá tó ní ìpínlẹ̀ Karnataka lókè odò, ọjọ́ náà á yẹ̀, àwọn obìnrin á sì bá iyanrìn gbígbẹ. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń fà wá kí èèyàn lè rí omi dà sórí.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún fẹ́ lo fọ́tò yẹn, ẹ kọ oṣù àti ọdún tí wọ́n yà á sí i, kí ẹ sì sọ odò wo ló wà nínú rẹ̀.

Òǹkàwé yín