Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ta Ni O Ní Níhìn-ín?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ kan láàárín yín ń jà lórí ibi tí wọ́n máa sin òkú arúgbó wọn sí, ṣé London níbí ni àbí ilé. Ẹ ṣí Àìsáyà 22, ẹsẹ 16. Ṣẹ́bínà, olórí ilé ọba, ń gbẹ́ ibojì fún ara rẹ̀ sínú àpáta. Ọlọ́run rán wòlíì sí i: kí ni o ní níhìn-ín? Ta ni o sì ní níhìn-ín? Ibojì kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ o. Ábúráhámù ra ihò Mákípélà fún Sárà, ó sanwó rẹ̀ pé, ẹnikẹ́ni kò bá a wí. Ìbéèrè kejì ló há Ṣẹ́bínà lọ́fun. Ó ní àpáta, ènìyàn dà? Ẹ ka ẹsẹ 18: ilẹ̀ òkèèrè ló máa kú sí.

Ọgbà òdòdó kan wà ní Newgate Street níbí, láàárín ògiri tó wó. Ilé àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń tẹ̀lé Francis ti Assisi, tí wọ́n yan ìgbé ayé òṣì, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1225, John Iwyn, oníṣòwò aṣọ, fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ìlú London ló fà á lé lọ́wọ́, torí òfin wọn kò gbà kí wọ́n ní ohunkóhun. Àwọn tí kò ní nǹkan kan yìí ni àwọn olorì wá ń du ilẹ̀ ìsìnkú lọ́dọ̀ wọn! Olorì Margaret, ìyàwó kejì Ọba Edward Kìíní, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá fún wọn ní 1306, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 300. Iwájú pẹpẹ ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí ní 1318. Ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti yọ ọkàn Olorì Eleanor ti Provence, ìyá Ọba Edward yìí, lára òkú rẹ̀, wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wọn. Olorì Isabella, tó gbógun ti ọkọ ara rẹ̀, Ọba Edward Kejì, ni wọ́n sin síbẹ̀ ní 1358. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá wọ aṣọ àwọn ọmọlẹ́yìn Francis wọ sàréè, Sátánì kò ní rí i mú.

Ní 1538, Ọba Henry Kẹjọ gba ilé náà. Kò pẹ́, Martin Bowes, alágbẹ̀dẹ wúrà, ta ibojì mẹ́sàn-án tí wọ́n fi mábù àti alabásítà ṣe, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ òkúta sàréè, ní nǹkan bíi pọ́n-ùn 50, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Iná ńlá tó jó London ní 1666 àti bọ́ǹbù ogun ní 1940 parí ìyókù.

Ẹ̀yin wá ń bá ara yín jà, ṣé ibí ni àbí ilé. Ìgbà tí arúgbó ń ṣàìsàn, mélòó ló bẹ̀ ẹ́ wò? Ẹni tí kò gbé ife omi fún un rí ló ń pariwo pósí! Ẹ gbọ́ òfin ibí: bí wíìlì bá wà, ẹni tí òkú yàn sínú rẹ̀ láti mú un ṣẹ ló máa pinnu, kì í ṣe ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù. Bí kò bá sí, tí ọkọ tàbí ìyàwó kò sì sí láyé, gbogbo ọmọ ló lẹ́tọ̀ọ́ bákan náà. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí òkú tó kúrò ní England, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tó coroner, òṣìṣẹ́ tó ń wádìí ọ̀ràn ikú, létí. Ẹ má lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú.

Mo mọ̀ pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe àbúrò yín lálẹ́ òní. Ilé wa ṣí sílẹ̀, ìyàwó mi yóò se oúnjẹ; ẹ jẹun ná, ká tó sọ̀rọ̀.

Ìfilọ̀: Ẹ̀kọ́ Bíbélì, Ọjọ́rú, aago méje alẹ́. Ẹgbẹ́ akọrin, ẹ dá aṣọ padà fún fífọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má páàkì sí ẹnu géètì aládùúgbò mọ́.