Òkè tó wà láàárín àwa àti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O kú òtútù ibẹ̀ yẹn o.

O bi mí bí Ìkógòsì ṣe wà ní Èkìtì tí mo sì ń pe àwọn Ìjẹ̀ṣà ní aládùúgbò wa. Òkè ló wà láàárín. Òkè Ẹ̀fọ̀n nà gbọọrọ bí ògiri, àwa ní apá ìlà-oòrùn, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní òdìkejì. Ẹyẹ tó bá fò láti ọ̀dọ̀ wa kò ní rẹ̀ kó tó dé ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí mo wọ̀ kẹ́yìn gba Erìjìyàn dé Arámọkọ, ó bọ́ sí Ìtawúrẹ́, ó gun òkè kọ́lọkọ̀lọ dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí Ẹ̀rìn.

Òkè yìí náà ló ń fún wa lómi. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ á gba àárín òkúta wọlẹ̀ lọ jìnnà, títí dé ibi tí ilẹ̀ ti gbóná. Ìyẹn ló ń tú jáde lọ́dọ̀ wa ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìsun tútù wà nítòsí rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń pàdé láìjìnnà. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mo ṣì máa ń ti ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, ìkejì bọ tútù. Ní Ìpólé-Ìlọrọ̀, omi Àrìnta ń já bọ́ láti orí àpáta. Ní Ẹ̀rìn, omi Olúmirin ń já bọ́ ní ìpele méje.

Gun ìpele méjèèje yẹn tán, abúlé Àbákẹ́ lo máa bá lókè, Èkìtì sì ni. Bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lo ti gbẹ́sẹ̀! Títí di 1976, ìpínlẹ̀ kan náà ni gbogbo wa. Ọdún yẹn ni àwa bọ́ sí Oǹdó, tí àwọn Ìjẹ̀ṣà bọ́ sí Ọ̀yọ́. Ọ̀ṣun dé ní 1991, Èkìtì ní 1996. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àwòrán ilẹ̀ Èkìtì tí wọ́n fa ìlà sí, tí òdìkejì òkè wá ṣófo bí ẹni pé kò séèyàn níbẹ̀.

Tí o bá ń bọ̀, má wá lẹ́ẹ̀rùn, omi máa ń kéré nígbà náà. Wá ní oṣù kẹwàá. Kí o mú bàtà tó di ilẹ̀ mú dáadáa, nítorí òkúta Olúmirin ń yọ̀, Àbákẹ́ ni mo sì fẹ́ ká jọ dé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Ìkógòsì