Sí Ọmọ Mi, Lórí Ẹ̀kọ́ Látìn àti Gíríìkì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú kálàmù. O ní Látìn ti ń sú ọ, pé Gíríìkì le ju bí o ti rò lọ, àti pé ńṣe ni o kàn ń há ìtumọ̀ tí ẹlòmíràn ti ṣe sórí báyìí, kí o lè rí nǹkan kọ lọ́jọ́ ìdánwò. Inú mi dùn pé o kò fi pa mọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí ọ̀nà yẹn gan-an ni èmi náà gbà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo há odindi ojú-ìwé mẹ́wàá sórí. Nígbà tí a dé yàrá ìdánwò, àyọkà tí a kò rí rí ni wọ́n gbé síwájú wa, mo sì jókòó tì í títí wọ́n fi lu agogo.

Ohun tí n kò tètè mọ̀ ni pé ìdí ọ̀rọ̀, ìyẹn ìparí rẹ̀, ni Látìn ń gbé ìtumọ̀ sí. Nínú èdè tiwa, ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí nínú gbólóhùn ni a fi ń mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan àti ẹni tí a ṣe é sí; bí o bá ní "ajá lé ọmọ", kò sí ẹni tí yóò rò pé ọmọ ni ó lé ajá. Látìn kò rí bẹ́ẹ̀. "Canis puerum mordet" àti "puerum canis mordet", ọ̀kan náà ni: ajá ń bu ọmọdékùnrin jẹ. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ di "canem puer mordet", kí o wo ibi tí lẹ́tà m ṣí lọ. Ọmọdékùnrin ti di ẹni tí ń bu ajá jẹ. Nítorí náà, bí o bá ṣí ìwé, má sáré wá ìtumọ̀. Wá ọ̀rọ̀-ìṣe ná, wá olùwà rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí o wá àbọ̀. Gbólóhùn márùn-ún tí o fúnra rẹ tú lálẹ́ kan sàn fún ọ ju gbogbo ohun tí o há sórí lọ.

Ní ti Gíríìkì, lẹ́tà 24 péré ni álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn àmì orí ọ̀rọ̀ tí o ń ráhùn lé lórí ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ máa ń gbé ohùn sókè lórí sílébù kan nínú ọ̀rọ̀, Aristophanes ará Byzantium, ọ̀mọ̀wé kan ní Alẹkisáńdíríà, ni a sì gbà pé ó gbé àmì rẹ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 200 ṣáájú ìbí Jésù. Àmì ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tí o ti ń fi sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá láti kékeré, ọ̀dọ̀ wọn ni ìrísí rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Etí rẹ ti mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Gíríìkì sì ti sú ẹni tí ó jù ọ́ lọ. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù àti òǹkọ̀wé tí a bí ní Thagaste ní Àríwá Áfíríkà ní ọdún 354, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kórìíra rẹ̀ lọ́mọdé, nítorí ìyà àti ìhàlẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ òun. Èmi kò ní hàlẹ̀ mọ́ ọ.

Àwọn kan yóò ní kí o kọ́ èdè méjèèjì nítorí pé inú wọn ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣègùn àti agbẹjọ́rò ń lò ti wá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó kéré. Ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Jésù, nígbà tí òkè ayọnáyèéfín Vesuvius ní Ítálì bú gbàmù, Pliny Kékeré, òǹkọ̀wé ará Róòmù, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà náà, wà ní ìlú Misenum pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó ń ka ìwé Livy, òpìtàn Róòmù, ó ń da díẹ̀ kọ nínú rẹ̀, bí ilẹ̀ ti ń mì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó kọ lẹ́tà méjì nípa rẹ̀ sí Tacitus, tí òun náà jẹ́ òpìtàn. Nínú ti àkọ́kọ́, arákùnrin ìyá rẹ̀, tí ó wa ọkọ̀ ojú omi lọ gba àwọn ènìyàn là, fara ti ẹrú méjì kí ó tó lè dìde, ó sì ṣubú, ó kú. Orúkọ tirẹ̀ wà títí dòní. Ti àwọn ẹrú náà kò sí nínú lẹ́tà. Má ṣe kọjá lára wọn bí o bá ń kàwé, nítorí irú wọn pọ̀ nínú ayé tí o ń kọ́ yìí.

Nínú lẹ́tà kejì, ìyá Pliny ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sá lọ, kí ó fi òun sílẹ̀, torí pé ọjọ́ orí àti ara tí ó wúwo kò ní jẹ́ kí òun lè yára. Ó kọ̀. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni "manum eius amplexus". Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, n kò sì ní tú u fún ọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, wo lẹ́tà m tí ó wà níbẹ̀, wá ẹni tí "eius" ń tọ́ka sí, kí o sì kọ ohun tí o bá rí ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.