Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Ẹ̀mí Márùn-ún

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Kí ẹnikẹ́ni tó rò pé ọmọ òun ni mo fẹ́ bá wí lónìí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi ná. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n múná lọ, mo sì ní kí n fi géèmù pa ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí oorun tó dé. Candy Crush ni, níbi tí wọ́n ti ń to súìtì aláwọ̀ kan náà pọ̀ láti fọ́ jẹ́lì abẹ́ wọn; ọmọ wa obìnrin ló gbé e sórí fóònù mi nígbà tó wá kí wa. Ìgbà tí Ìyá Ìjọ yọjú láti yàrá, agogo méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú. "Dádì, ṣé ẹ ṣì ń múra ìwàásù ni?" Mi ò lè parọ́, ojú sì ń tì mí láti sọ òótọ́. Jẹ́lì méjì péré ló kù kí n fọ́!

"Ó ku méjì péré" yẹn ló mú mi. Bó ṣe kù díẹ̀ báyìí ni géèmù náà ní òun á fún mi ní ìgbésẹ̀ márùn-ún sí i, bí mo bá ti lè san wúrà orí fóònù.

Mo wá fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe hun ún. Ẹ̀mí márùn-ún ló máa ń fún èèyàn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ẹ̀mí kan lọ. Bí márààrún bá tán, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lèèyàn á fi dúró de ẹyọ kan, àfi kó tọrọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tàbí kó sanwó. Ẹni tó bá ṣeré títí, eré á sú u. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé àwo kúrò níwájú wa nígbà tí a ò tíì yó, kí ọkàn wa lè máa wà níbẹ̀. Lọ́jọ́rú, a ń ka Ìwé Mímọ́ lọ́wọ́ ni fóònù kan gbọ̀n lórí tábìlì: ẹ̀mí ti kún padà. Tèmi ni.

Pọ́ọ̀lù ní kí àwọn ará Éfésù máa ra ìgbà padà. Àwọn tó ṣe géèmù yìí ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ìdajì wákàtí tiwa gan-an ni wọ́n ń tà fún wa.

Ti àwọn géèmù tó ní àpótí ẹ̀bùn, tí èèyàn ò mọ ohun tó máa bá nínú rẹ̀ àfi tó bá ṣí i, tún le jùyẹn lọ. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, B. F. Skinner, ti fi ẹyẹlé dán irú rẹ̀ wò tipẹ́: bí ẹyẹ ò bá mọ ìgbà tí ọkà máa já bọ́, ṣe ló ń ṣá ibẹ̀ jẹ láìsinmi. Ní 2018, àjọ tó ń rí sí tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀m sọ pé àpótí téèyàn ń fowó rà láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tẹ́tẹ́ ni. Ẹ̀yin òbí tí kì í jẹ́ kí ọmọ yín ya ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, ẹ yẹ fóònù rẹ̀ wò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Vietnam kan wà tí mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rẹ̀, Dong Nguyen, tó ṣe Flappy Bird ní 2013. Géèmù náà ń mówó wọlé gan-an. Ní February 2014, ó yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ fúnra rẹ̀, ó ní ó ti di bárakú fáwọn èèyàn. Mi ò mọye ìgbà tí mo ti wàásù lórí Sákéù, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ṣe é lójú mi báyẹn.

Ẹ má ṣe gbọ́ ọ pé Pásítọ̀ ní eré ṣíṣe lẹ́ṣẹ̀ o. Nílé bàbá mi, ọmọ ayò 48 wà nínú ọpọ́n. Òpè á dìde, ẹlòmíì á jókòó, tílẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á gbé ọpọ́n wọlé. N kò gbọ́ ọ rí kí ọpọ́n ayò pe ẹnikẹ́ni lóru.

Alàgbà kan ti ṣèlérí pé òun á gbé ọpọ́n òun wá sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ìsìn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fọ́nnu, ẹ wá. Fóònù mi á wà lọ́wọ́ Ìyá Ìjọ.